Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ jẹ́ kí á fi òwe yìí wo káàdì ìkíni tí a fi òdòdó gbígbẹ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Bí wọ́n bá bímọ lónìí, ọjọ́ kẹjọ ni ìsọmọlórúkọ. Òdòdó tí a bá já lónìí, ó sábà máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí ó tó gbẹ dénú. Ta ni yóò dúró de ta? Ẹni tó bá fẹ́ fi irú káàdì bẹ́ẹ̀ kí ìyá ìkókó gbọ́dọ̀ ti ní òdòdó nílẹ̀ kí oyún tó di ọmọ.

Omi ni ọ̀tá iṣẹ́ yìí. Àárọ̀ ni kí ẹ já òdòdó, nígbà tí ìrì ti gbẹ lára rẹ̀ tí oòrùn kò sì tíì mú kí ó rọ. Ẹ tẹ́ ẹ sáàárín bébà funfun tó lè fa omi. Bébà tó ń dán kò wúlò. Ẹ fi ìwé ìròyìn àtijọ́ sókè àti sísàlẹ̀, kí ẹ wá gbé ìwé ńláńlá tàbí búlọ́ọ̀kù lé e. Ìwé ìròyìn fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ kan òdòdó o, nítorí yíǹkì a máa ràn. Lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì, ẹ pààrọ̀ bébà tó ti rin, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òdòdó á bu. Lẹ́yìn náà, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tó ń ṣí i wò ní wákàtí wákàtí ni yóò fà á ya. Bí a bá fi sùúrù pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Àwọn kan a máa fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́ kíákíá. Ó ṣe é ṣe, bí iná rẹ̀ bá kéré tí kò sì sí omi nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n èmi kò fara mọ́ ọn.

Kì í ṣe gbogbo òdòdó ló gbọ́ràn. Hibiscus lẹ́wà lórí igi, àmọ́ omi inú rẹ̀ ń yọ̀, a sì lẹ̀ mọ́ bébà. Òdòdó funfun sábà ń pọ́n bí ewé gbígbẹ, pupa a sì máa dúdú sí i. Nínú ọgbà tiwa, bougainvillea ni mo fi jọba: ohun aláwọ̀ tí a ń pè ní òdòdó lára rẹ̀, ewé ni, omi inú rẹ̀ kò pọ̀, ó sì ti fẹ́lẹ́ kí a tó já a rárá. Ixora náà dára, bí ẹ bá já a ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan dípò odindi ìdì. Ewé tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń hù lára igi ọ̀pẹ, ẹ má fojú rénà rẹ̀.

Ẹni tó bá pe èyí ní eré ọmọdé, kí ó bèèrè Forest Herbarium tó wà ní ilé iṣẹ́ ìwádìí nípa igbó n'Ìbàdàn. Ewé àti òdòdó tí wọ́n tẹ̀ gbẹ síbẹ̀ fún ìmọ̀ lé ní 100,000. Emily Dickinson, akéwì Amẹ́ríkà tó kú ní 1886, tẹ ewéko 424 sínú ìwé nígbà tó wà lọ́mọdébìnrin. Ìwé náà ṣì wà ní Yunifásítì Harvard dòní.

Tó bá kan lílẹ̀, ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Bébà líle A5 tí a ká sí méjì, òdòdó kéékèèké mẹ́ta tó o. Ẹ tò wọ́n wò ná kí ẹ tó kan gọ́ọ̀mù. Ẹ̀mú kékeré tí a fi ń fa irun ojú ni kí ẹ fi gbé e, kí ẹ fi orí igi ìtayín tọ́ gọ́ọ̀mù funfun díẹ̀díẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀. Bó bá pọ̀, bébà á wú. Ẹlòmíràn á ní ẹ̀kọ náà ń lẹ nǹkan. Ó ń lẹ̀ ẹ́ lóòótọ́, kòkòrò náà sì fẹ́ràn rẹ̀. Nínú káàdì, ẹ kọ gbólóhùn kan tí kò lè bá ẹlòmíràn mu. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ kò kún agbọ̀n.

Ìgbà ọyẹ́ ni kí ẹ tẹ èyí tó pọ̀, torí afẹ́fẹ́ gbẹ nígbà náà. Ẹ kó èyí tó bá gbẹ sínú àpòòwé, ẹ kọ oṣù tí ẹ já a sí i lẹ́yìn, kí ẹ tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ sínú páálí onídèérí, jìnnà sí fèrèsé. Àpò kékeré tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, ẹ má jù ú nù. Ó ń fa ọ̀rinrin, ẹ fi sí i, ṣùgbọ́n kí ọmọdé má rí i gbé sẹ́nu.