Ẹ Jẹ́ Kí Orúkọ Yín Wà Lórí Iṣẹ́ Yín

Ẹ̀yin ọmọ mi obìnrin tí ẹ ti Ìbàdàn, Ifẹ̀, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin wálé sí Tẹ̀dé fún ìsinmi, mo mọ̀ pé bí ẹ ṣe ń sọ báàgì kalẹ̀ ni iṣẹ́ ilé ti ń dúró dè yín: elùbọ́ wà tí ẹ ó sá, gàrí wà tí ẹ ó yan. Elùbọ́ yẹn náà ló ń san owó iléèwé ọ̀pọ̀ nínú yín. Ìyá tó ń wọn ọ́n ní kóńgò kóńgò fún àwọn oníṣòwò tó ń ti Ìbàdàn wá, tó ń so owó mọ́ etí ìró kó má baà ná an, kò ṣe é torí kí ọmọ rẹ̀ lè fi sátífíkéètì kọ́ ara ògiri. Ó fẹ́ kí ọmọ náà rí iṣẹ́, kó sì ga lẹ́nu iṣẹ́ náà.

Gíga lẹ́nu iṣẹ́ yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ fẹ̀yìn tì, mo rí ọmọbìnrin tó mọ iṣẹ́ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, tí wọ́n jọ wọlé lọ́jọ́ kan náà, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ sì di ọ̀gá lé e lórí. Kò ya ọ̀lẹ. Ó ń ṣiṣẹ́ bí ẹrú, ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ ìgbéga dé, tí wọ́n ṣí fáìlì, kò sí ibi tí wọ́n ti rí ohun tó ṣe. Ìmọ̀ràn mi kò ju ọ̀kan lọ, bó tilẹ̀ ní ẹ̀ka: ohun tó o bá ṣe, jẹ́ kí orúkọ rẹ wà lórí ẹ̀, ohun tí wọ́n bá sì ṣe sí ọ, ìbáà dára, ìbáà burú, jẹ́ kó wà lákọsílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti orí orúkọ fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, àmọ́ àwa náà ni a ń kọ orúkọ ọ̀hún bó ṣe wù wá. Lórí ìwé WAEC, ọmọ á jẹ́ Adeola. Lórí JAMB, á ti fi h kún un nídìí nítorí pé ó rẹwà lójú. Lórí NIN, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ní kọ̀ǹpútà á ti gbé orúkọ bàbá síwájú tàbí kó jẹ lẹ́tà kan. Ẹ̀rín ni nílé. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń yẹ ìwé wò kí wọ́n tó gbà ọ́ síṣẹ́, ènìyàn mẹ́ta ni wọ́n máa kà ọ́ sí. Ìsinsìnyí tó o ṣì wà níléèwé ni kó o tún un ṣe.

Ti ìgbéyàwó tún wà níbẹ̀. Kò sí òfin ní Nàìjíríà tó ní dandan ni kí obìnrin gba orúkọ ọkọ. Bó bá wù ọ́ kó o gbà á, gbà á, ṣùgbọ́n lọ búra sí i ní kóòtù, gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn, kó o sì fi ẹ̀dà méjèèjì sínú fáìlì rẹ ní ọ́fíìsì àti ní báńkì. Obìnrin kan tí a jọ ṣiṣẹ́, orúkọ bàbá rẹ̀ ni wọ́n fi gbà á. Nígbà tó yá, orúkọ ọkọ ló fi ń gba owó oṣù, kò sì sí ìwé kan ṣoṣo tó so méjèèjì pọ̀. Àwọn tí wọ́n jọ fẹ̀yìn tì ti ń gba owó wọn, òun ṣì ń lọ ń bọ̀ láàárín kóòtù àti ọ́fíìsì pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún. Mi ò fẹ́ kó ṣe ẹnikẹ́ni nínú yín bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ yín ń fi IT, ìyẹn iṣẹ́ kíkọ́ níléeṣẹ́ tí iléèwé ń rán yín lọ ṣe, ṣeré. Ọdún 1973 ni ètò rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní SIWES, bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ Industrial Training Fund. Wọ́n ṣètò rẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan iṣẹ́ kó tó jáde. Ọmọ á wá lọ bá ẹ̀gbọ́n kan, onítọ̀hún á fọwọ́ sí logbook fún un láìjẹ́ pé ó yọjú síbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ta ló rẹ́ jẹ? Lọ síbi tí wàá ti ṣiṣẹ́ gidi. Máa kọ ohun tó o ṣe lójoojúmọ́, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe sì fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn IT, má jẹ́ kí àwọn ọ̀gá ibẹ̀ gbàgbé rẹ: máa kí wọn lọ́dún. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ni kì í dé inú ìwé ìròyìn rárá, ẹnu ẹni tó mọ̀ ọ́ ló ti ń jáde. Bó o bá sì dé àgọ́ NYSC, ìbáà jẹ́ tiwa ní Ìṣẹ́yìn yìí tàbí ti òkè Ọya, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n ń kọ́ yín níbẹ̀, má fi àkókò rẹ̀ sùn.

Mo máa ń gbọ́ tí ẹ ń sọ pé, "Ìyá, mi ò ní ìrírí kankan tí mo lè kọ sínú CV." Ìwọ kọ́ lò ń kọ orúkọ àwọn tó jẹ ìyá rẹ lówó sínú ìwé ni? Ìwọ kọ́ lò ń bá oníbàárà dúnàádúrà lórí fóònù, tó o ń ṣírò owó ọkọ̀ láti Tẹ̀dé dé Ìbàdàn kó o tó mọ iye tí èrè kù? Kọ ọ́ síbẹ̀: pé o bójú tó àkọsílẹ̀ gbèsè àti títà ọjà fún òwò elùbọ́, láti ọdún báyìí dé ọdún báyìí. Ẹni tó ń gbani síṣẹ́ á bi ọ́ léèrè nípa rẹ̀, wàá sì rí òótọ́ sọ. Bí wọ́n bá wá bi ọ́ pé ìgbà wo lo máa lọ́kọ, má bínú, má sì rẹ́rìn-ín ẹ̀tàn. Sọ fún wọn pé o ti múra tán láti ṣiṣẹ́, kó o sì dá ọ̀rọ̀ padà sórí iṣẹ́ tí o tìtorí rẹ̀ lọ síbẹ̀.

Níbi iṣẹ́, wàá rí i pé bí ìpàdé bá ń lọ, obìnrin ni wọ́n ń ní kó lọ ra oúnjẹ, obìnrin ni wọ́n ń ní kó pín omi. Ó lè jẹ́ ìwọ lo kọ ìjábọ̀ tí wọ́n ń kà, kí ẹlòmíràn dìde kà á bí ẹni pé òun ló ni ín. A kọ́ yín nílé láti bọ̀wọ̀ fágbà, ẹ má sì fi sílẹ̀. Kúnlẹ̀ kí ọ̀gá rẹ bó bá jẹ́ bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìjábọ̀ tó o bá kọ, fi orúkọ àti déètì sí i, fúnra rẹ ni kó o fi í ránṣẹ́. Bí ọ̀gá bá fi ẹnu rán ọ níṣẹ́ ńlá, fi ìmeèlì ṣókí tẹ̀ lé e pé, "Ẹ kú iṣẹ́ sà, mo ti bẹ̀rẹ̀ ohun tí ẹ ní kí n ṣe láàárọ̀ yìí, mà á parí rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì." Kò sí àfojúdi nínú ìyẹn. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Àwọn ìyá yín kan ti la ọ̀nà yìí. Adetowun Ogunsheye, tó fi ọ̀rọ̀ ilé ìkàwé ṣe iṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, ni obìnrin àkọ́kọ́ tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Nàìjíríà, ní 1973. Tejumade Alakija ni obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ olórí òṣìṣẹ́ ìjọba ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wa yìí. Folake Solanke ti ṣe olùkọ́ kó tó lọ kọ́ òfin. Ní 1981 ló di obìnrin àkọ́kọ́ tó gba oyè àgbà agbẹjọ́rò, SAN. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ó ti pẹ́ fún yín láti yí iṣẹ́ padà, ẹ wo ìyẹn dáadáa.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tí àwọn ìyá kì í fẹ́ dárúkọ: ọkùnrin tó ní agbára lórí rẹ, tó fẹ́ fi máàkì tàbí ìgbéga gba ara rẹ. Ní 2018, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní OAU, Ilé-Ifẹ̀, gba ohùn ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lórí fóònù. Yunifásítì lé ọkùnrin náà kúrò lẹ́nu iṣẹ́, àjọ ICPC tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́ gbé e lọ sílé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Òṣogbo, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n ọdún méjì ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn. Ká ní ẹnu lásán ni akẹ́kọ̀ọ́ náà fi sọ ọ́, wọn ì bá ní ó ń purọ́ mọ́ bàbá olóyè. Nítorí náà, bí irú rẹ̀ bá bá ọ, tọ́jú àtẹ̀jíṣẹ́ tí ọkùnrin náà bá fi ránṣẹ́ sí ọ, kọ ọjọ́ àti aago sílẹ̀, sọ fún ẹnì kan tó o gbẹ́kẹ̀ lé lọ́jọ́ náà. Má dá lọ sí ọ́fíìsì ọkùnrin náà mọ́. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá gbé ọ̀rọ̀ yìí wálé, ẹ má kọ́kọ́ bi í pé irú aṣọ wo ló wọ̀. Ẹ jókòó, ẹ gbọ́ ọ parí.

Ẹ mọ òfin pẹ̀lú. Abala 54 nínú òfin òṣìṣẹ́ ilẹ̀ wa fún aláboyún láyè láti fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ìbímọ, ó sì ní kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá ti lo oṣù mẹ́fà níbẹ̀, owó tí wọ́n máa san fún un ní àkókò náà kò gbọdọ̀ dín sí ìdajì. Nígbà tó bá padà, ó ní ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fún ọmọ lọ́mú. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 náà sọ pé iléeṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 15 sókè gbọ́dọ̀ máa dá ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ sí àkáǹtì rẹ, kí ìwọ náà dá 8. Máa yẹ àkáǹtì yẹn wò, nítorí àwọn iléeṣẹ́ kan wà tó ń yọ tìrẹ tí wọn kì í gbé e débẹ̀.

Ẹ̀yin obìnrin Tẹ̀dé tí ẹ wà ní ọ́fíìsì nílùú Ìbàdàn, Èkó àti Àbújá, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bẹ̀ kẹ́yìn. Àwọn ọmọ wa ń wá ibi tí wọ́n ti máa ṣe IT, wọn ò mọ ẹni tí wọn ó lọ bá. Kí kálukú yín gba ọ̀kan sọ́dọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, kẹ́ ẹ sì fún un ní iṣẹ́ gidi ṣe.