Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Kẹ̀kẹ́ Ológeere Lójú Títì

Ohun tí a fẹ́ kà nípa rẹ̀ lónìí kò jìnnà sí yín. Bí ẹ bá yọjú sí ìta kíláàsì báyìí, ẹ óò rí i. Kẹ̀kẹ́ yín ni, tí ẹ gbé ti ògiri.

Púpọ̀ nínú wa ní Adido ni ó ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere. A ń gùn ún lọ sí oko, a ń gùn ún lọ sí ọjà, a ń gùn ún wá kàwé. Kì í mu epo. Bí ó bá bàjẹ́, owó tí a fi ń tún un ṣe kì í pọ̀. Ní Àjàṣẹ́, kí àwọn zemidjan tó gba ìgboro, kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń gbé èrò; taxi-kannan ni wọ́n ń pè é. Kẹ̀kẹ́ kì í ṣe ohun tuntun rárá. Ní ọdún 1885 ni John Kemp Starley ṣe irú èyí tí à ń gùn yìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ẹsẹ̀ méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, àti ṣéènì tí ń yí ti ẹ̀yìn. Ní ọdún 1888, Dunlop mú táyà tí a ń fẹ́ atẹ́gùn sí jáde. Láti ìgbà náà, kẹ̀kẹ́ kò yí padà púpọ̀. Bí bàbá bàbá yín bá jí lónìí, yóò mọ̀ ọ́n gùn. Títì ni ó yí padà.

Ṣábẹ wà lójú ọ̀nà ọlọ́dà tí ó ti Kútọnu wá, tí ó gba Pàràkú kọjá, títí dé Malanville létí odò Ọya. Àwọn ọkọ̀ àjàgbé tí ń kó ẹrù láti èbúté lọ sí òkè, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbà kọjá. Takisí tí ń sáré wà níbẹ̀, bọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, alùpùpù wà níbẹ̀, ewúrẹ́ náà wà níbẹ̀. Láàrin gbogbo wọn ni kẹ̀kẹ́ wa ń gbà kọjá, kò pariwo, kò sì fẹ̀.

Mo fẹ́ sọ ìtàn ọkùnrin kan fún yín. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ní kíláàsì tí mo ń kọ́ nígbà kan. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí òun náà lè ka ìwé yìí. Bírìkìlà ni. Ó máa ń ti ibi iṣẹ́ wá sí kíláàsì tààrà, nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ tó dúdú. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ìṣirò ni à ń ṣe. Ìṣirò náà le, mo sì fẹ́ kí gbogbo wọn mọ̀ ọ́n kí a tó túká. Mo dá wọn dúró. Nígbà tí a jáde, ilẹ̀ ti ṣú biribiri. Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ní, “Olùkọ́, ó dàárọ̀.” Kò sí iná níwájú kẹ̀kẹ́ náà, kò sì sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀.

Ó ń lọ létí títì, ní ọwọ́ ọ̀tún, bí ó ṣe yẹ. Ọkọ̀ kan ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ọkọ̀ mìíràn ń bọ̀ níwájú, iná rẹ̀ ga. Iná ti iwájú yìí wọ awakọ̀ ti ẹ̀yìn lójú. Ìgbà tí ojú awakọ̀ náà fi là, ó ti dé orí kẹ̀kẹ́. Ó gbá a. Ọkùnrin náà ṣubú sínú gọ́tà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán ní ibi méjì.

Nígbà tí mo lọ kí i, mo bi í bóyá kò gbọ́ ìró ọkọ̀ náà. Ó ní, “Mo gbọ́ ọ. Mo tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn, mo rí iná rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Mo rò pé òun náà ti rí mi.”

Ẹ tún gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn kà. Inú rẹ̀ ni gbogbo ẹ̀kọ́ yìí wà. Ọkọ̀ ní iná ńlá méjì. Ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ ń rí i kedere, ó sì ń rò pé bí òun ṣe rí ọkọ̀ ni ọkọ̀ ṣe rí òun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó wà nínú òkùnkùn ń rí ẹni tó gbé iná. Ẹni tó gbé iná kì í rí ẹni tó wà nínú òkùnkùn, àfi bí ó bá sún mọ́ ọn.

Báwo ni ó ṣe gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn tó? Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ká ní ọkọ̀ kan ń sá 80 kìlómítà ní wákàtí kan. Kìlómítà 80 jẹ́ 80.000 mítà. Wákàtí kan jẹ́ 3.600 ìṣẹ́jú-àáyá. Bí ẹ bá fi 3.600 pín 80.000, ẹ óò rí 22 àti díẹ̀. Nítorí náà, ní ìwọ̀n ìgbà tí a fi ń sọ pé “Yéè! Kẹ̀kẹ́ rèé!”, ọkọ̀ náà ti lọ mítà 22. Awakọ̀ kò tíì fi ẹsẹ̀ kan ìjánu o. Ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ fún ẹsẹ̀ rẹ̀ ni. Lẹ́yìn tí ó bá ti tẹ ìjánu, ọkọ̀ kékeré tí ìjánu rẹ̀ dára yóò ṣì lọ tó mítà 35 lórí ọ̀dà gbígbẹ kí ó tó dúró. Ẹ ro ó pọ̀: 22 àti 35 jẹ́ 57. Ti ọkọ̀ àjàgbé tó ru ẹrù ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní alẹ́, bí awakọ̀ bá rẹ iná rẹ̀ sílẹ̀, nǹkan bí mítà 30 ni ó ti lè rí ẹni tó wọ aṣọ dúdú, nígbà mìíràn kò tó bẹ́ẹ̀. Mítà 57 ni ọkọ̀ nílò. Mítà 30 ni ó ní. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí awakọ̀ tí kò mu ọtí, tí kò sì sáré àsápajúdé, fi lè gbá ẹni tí kò ṣe àìdáa kankan.

Nísinsìnyí, ẹ wo dígí pupa kékeré tí wọ́n máa ń fi sí ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ tuntun, èyí tí ń dán bí ojú ológbò bí iná bá kàn án. Kò ní bátìrì, kò sì ní wáyà. Wọ́n ṣe inú rẹ̀ lọ́nà tí ó fi ń dá ìmọ́lẹ̀ padà sí ibi tó ti wá gan-an, ìyẹn ni pé ó ń dá a padà sójú awakọ̀. Awakọ̀ lè rí i láti ibi tó ju mítà 100 lọ. Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń jẹ́ kí ó sọnù lára kẹ̀kẹ́ nìyẹn. Bí ó bá fọ́, a kì í rà á padà, ṣùgbọ́n bí aago kẹ̀kẹ́ bá bàjẹ́, kíá la ó tún un ṣe! Ẹ wá òmíràn rà. Kí ẹ tó rí i rà, ẹ fi ọ̀dà funfun kun irin tó bo táyà ẹ̀yìn. Ẹ so tọ́ọ̀ṣì mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, kí ẹni tí ń bọ̀ níwájú lè rí yín. Ẹni tó bá mọ̀ pé alẹ́ lòun yóò padà sílé, kí ó mú ẹ̀wù funfun kan dání. Tí eruku bá sọ ọ́ di pupa, ẹ fọ̀ ọ́.

Nígbà ọyẹ́, ọ̀sán náà dà bí alẹ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àwọn ọjọ́ kan wà tí a kì í rí òkè Ṣábẹ mọ́, bí ó ti ga tó yẹn. Bí eruku bá lè bo òkè mọ́lẹ̀, kí ni yóò ṣe ènìyàn lórí kẹ̀kẹ́? Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì yín ní àárọ̀ ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ibi kan tún wà tí awakọ̀ kì í ti í rí wa, àní ní ọ̀sán gangan. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ọkọ̀ àjàgbé. Ọwọ́ òsì ni awakọ̀ jókòó sí, orí ọkọ̀ sì ga. Bí kẹ̀kẹ́ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ọwọ́ ọ̀tún, ó lè má rí i rárá. Bí ọkọ̀ náà bá wá fẹ́ yà sí ọ̀tún ńkọ́? Ẹ wo ẹni tí ń wọ́ igi gígùn nílẹ̀ yípo igun ilé. Orí igi ti kọjá, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ a gé igun náà, a ha ògiri. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọkọ̀ gígùn ń ṣe. Orí rẹ̀ yóò kọjá lára yín, ẹ óò rò pé ó ti lọ, táyà ẹ̀yìn rẹ̀ yóò sì máa bọ̀ wá sí ibi tí ẹ dúró sí. Bí ọkọ̀ àjàgbé bá dúró ní oríta, ẹ má ṣe gba ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kọjá láti bọ́ síwájú. Ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀, kí ó lọ ná.

Àwọn kan ń bi mí bóyá kò dára kí ènìyàn gun kẹ̀kẹ́ ní ọwọ́ òsì, kí ó lè máa rí ọkọ̀ tí ń bọ̀ níwájú rẹ̀. Àwọn àgbà kan tilẹ̀ sọ pé ọwọ́ òsì ni àwọn ti kọ́ kẹ̀kẹ́ ní Nàìjíríà. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà níbẹ̀ títí di ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, tí ìjọba wọn yí i sí ọ̀tún. Ní tiwa, nígbà tí ilẹ̀ yìí ṣì ń jẹ́ Dàhòmì lábẹ́ àwọn Faransé, ọwọ́ ọ̀tún ni. Ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ rìn ni ó dára kí ó kọjú sí ọkọ̀, nítorí ó lè fò bọ́ sínú koríko. Kẹ̀kẹ́ kì í fò. Ẹ tún wo ìṣirò yìí. Kẹ̀kẹ́ ń lọ ní 15, ọkọ̀ ń lọ ní 80. Bí wọ́n bá kọjú síra, a ó ro méjèèjì pọ̀: 95 ni wọ́n fi ń pàdé. Bí wọ́n bá jọ ń lọ sí ọ̀nà kan náà, a ó yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì: 65 ni. Awakọ̀ á lè rí àyè díẹ̀ sí i láti yà fún yín.

Kì í ṣe ọkọ̀ nìkan ni ó ń ṣe wá léṣe. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ ká etí ìró yín sókè dáadáa, nítorí ṣéènì kò mọ aṣọ iyì. Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ fi okùn di ẹsẹ̀ ṣòkòtò ọ̀tún. Bí òjò bá rọ̀, ìjánu kì í tètè mú, nítorí omi wà lára irin táyà. Ẹ máa rọra tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó dé ibi tí ẹ óò ti dúró, kí ó lè nu omi náà kúrò. Níbi tí ojú irin bá ti gé ọ̀nà, ẹ kọjú sí irin náà tààrà kí ẹ tó kọjá. Bí ẹ bá gbà á ní ẹ̀gbẹ́, táyà yóò bọ́ sí àlàfo rẹ̀, yóò sì gbé yín ṣubú.

Èyí tí ó ń dùn mí jù ni ti àwọn ọmọ. A ń gbé ọmọ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ lọ sílé ẹ̀kọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan nǹkan, ó ń mì í. Oorun gbé e lọ tàbí ó yí padà wo nǹkan, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì bọ́ sí àárín àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú táyà. Bàbá tó ń wa kẹ̀kẹ́ rò pé iyanrìn ló dí òun lọ́wọ́, ó tún fi agbára tẹ̀ ẹ́. Gìgísẹ̀ ọmọ a bó bí èèpo iṣu. Irú egbò yìí kì í tètè jinná, nítorí ẹran kò pọ̀ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe fi irin kékeré méjì sí ẹ̀yìn fún ọmọ láti gbé ẹsẹ̀ lé, kí ẹ sì fi àwọ̀n tàbí ike líle bo ẹ̀gbẹ́ táyà méjèèjì.

Bírìkìlà tí mo sọ ìtàn rẹ̀ padà wá sí kíláàsì lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, pẹ̀lú ọ̀pá. Iwájú ni ó máa ń jókòó sí, kí ó lè na ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìṣirò tí mo torí rẹ̀ dá wọn dúró ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó ti mọ̀ ọ́n ṣe báyìí. Èmi náà ti kọ́ láti máa wo ojú ọ̀run kí n tó sọ pé ó ku ẹyọ kan.

Iṣẹ́ ṣíṣe. Ọkọ̀ kan ń sá 60 kìlómítà ní wákàtí kan. Mítà mélòó ni yóò lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan? Ẹ ṣe é sínú ìwé yín.

Bí ilẹ̀ bá ṣú, kí gbogbo yín to kẹ̀kẹ́ yín sí ìlà kan níta, kí ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ kọjú sí yín. Ẹ ka ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀ kúrò níbẹ̀. Kí ẹnì kan gbé tọ́ọ̀ṣì tó mọ́lẹ̀ dáadáa sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀, kí ó tàn án sí wọn. Ẹ ka iye kẹ̀kẹ́ tó dán. Ẹ kọ iye náà sílẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ àwọn tí kẹ̀kẹ́ wọn kò dán sí abẹ́ rẹ̀.