Ọ̀gá ní kí n kọ̀wé fẹ̀yìn tì

Ìbéèrè: Mo ti pé ẹni ọdún 56. Akọ̀wé owó ni mí nílé-iṣẹ́ aládàáni kan nílùú Ìlọrin. Ọ̀gá wa tuntun ní kí n kọ̀wé pé mo fẹ̀yìn tì, torí àgbà ti dé. Ṣé dandan ni? – Òǹkàwé, Àdéwọlé, Ìlọrin

Ìdáhùn: Rárá o, ẹ̀gbọ́n wa. Ẹ má kọ ìwé kankan. Bí ẹ bá ti buwọ́ lù ú, ẹ̀yin lẹ fúnra yín lọ nìyẹn. Bí wọ́n bá fẹ́ kẹ́ ẹ lọ, kí wọ́n kọ̀wé fún yín.

Ọdún 60 lọ́jọ́ orí tàbí 35 lẹ́nu iṣẹ́, òfin iṣẹ́ ìjọba nìyẹn. Òfin ìjọba àpapọ̀ tọdún 2022 gbé tàwọn olùkọ́ dé 65 àti 40. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìlọrin ń ṣiṣẹ́ títí di 70. Báwo wá ni ẹni 56 ṣe di arúgbó nídìí ìwé owó? Ó dùn mí pé abala 42 ìwé òfin Nàìjíríà, tó ka ìyàsọ́tọ̀ nítorí ẹ̀yà àti ẹ̀sìn léèwọ̀, kò dárúkọ ọjọ́ orí.

Ṣùgbọ́n òfin iṣẹ́ ìjọba kò de ilé-iṣẹ́ aládàáni. Nítorí náà, lẹ́tà tí wọ́n fi gbà yín síṣẹ́ ni kẹ́ ẹ wá jáde. Ẹ wo ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì tó wà níbẹ̀, àti iye oṣù tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi sọ fún yín tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ gba àkọsílẹ̀ àkáǹtì owó ìfẹ̀yìntì yín. Òfin owó ìfẹ̀yìntì tọdún 2014 ní kí wọ́n yọ ìdá 8 nínú 100 lára owó oṣù yín, kí ilé-iṣẹ́ fi 10 kún un. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù, kẹ́ ẹ tó bá ọ̀gá yín sọ̀rọ̀.