Ìtẹ̀ka àti Ipa Ìka: Àyẹ̀wò Yíya Àwòrán Ẹ̀rí Níbi Ọ̀ràn

Ìfáárà
Yorùbá gbà pé ọmọ ìka kò dọ́gba. Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì fi kún un pé ìlà orí ìka ẹnìkan kì í bá ti ẹlòmíràn mu délẹ̀délẹ̀. Orí èyí ni àwọn ọlọ́pàá London dúró lé tí wọ́n fi dá ẹ̀ka ìtẹ̀ka sílẹ̀ ní 1901. Ṣùgbọ́n ìtẹ̀ka ni èyí tí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ fi sórí ìwé. Èyí tí òógùn àti ọ̀rá ara fi sílẹ̀ láìfura ni a lè pè ní ipa ìka, gẹ́gẹ́ bí a ti ń pe ti ẹsẹ̀ ní ipasẹ̀.

Yíya Àwòrán
Bí olè bá gba fèrèsé wọ ìsọ̀ kan ní Olódò, lẹ́bàá Ìbàdàn, àwọn aládùúgbò lè rọ́ wọlé láti kí olóhun kú òfò. Ìwà ọmọlúàbí ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn lè ba ti olè jẹ́. Nítorí náà, kí a kọ́kọ́ dí ibẹ̀. Ọlọ́pàá yóò ya gbogbo ìsọ̀, lẹ́yìn náà fèrèsé, kí ó tó súnmọ́ ipa ìka. Yóò gbé kámẹ́rà lé ẹsẹ̀ mẹ́ta kí ó má baà gbọ̀n, kí ojú rẹ̀ sì kọ sí gíláàsì láìdagun. Rúlà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ipa náà ni yóò fi ìwọ̀n rẹ̀ hàn. Ẹ̀gbẹ́ ni iná tọ́ọ̀ṣì yóò ti wá, kí ó má baà kọ mànà padà sínú kámẹ́rà. Gbogbo èyí gbọ́dọ̀ ṣáájú tépù tí a fi ń gbé ipa ìka, nítorí tépù lè bà á jẹ́.

Ìtọ́jú Ẹ̀rí
Àwòrán inú kámẹ́rà tí kì í lo fíìmù rọrùn láti yí padà. Nítorí náà, kí ti àkọ́kọ́ wà láìfọwọ́kàn, kí a máa lo ẹ̀dà rẹ̀, kí a sì kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá gbà á sílẹ̀. Abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí Nàìjíríà ti 2011 béèrè ẹ̀rí pé ẹ̀rọ tó mú irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ jáde ń ṣiṣẹ́ déédéé.

Síbẹ̀, àwòrán kì í dá sọ̀rọ̀. Ènìyàn ni í kà á. Lẹ́yìn tí bọ́ǹbù bú ní Madrid ní oṣù Kẹta 2004, àwọn ọlọ́pàá Sípéènì fi àwòrán ipa ìka kan ránṣẹ́ sí FBI ní Amẹ́ríkà. Èyí ni FBI fi mú agbẹjọ́rò kan ní ìpínlẹ̀ Oregon. Ó lo ọ̀sẹ̀ méjì ní àhámọ́ kí àwọn ará Sípéènì tó rí ẹni tó ni ipa náà gan-an. FBI tọrọ àforíjì. Ìka méjèèjì jọra; wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ìgúnlẹ̀
Ọ̀rọ̀ yìí kan olùkọ́ èdè pẹ̀lú. Bí ògbufọ̀ bá sọ ní ilé-ẹjọ́ pé ẹnìkan “tẹ̀ka” sára fèrèsé, ó ti fi ìmọ̀ọ́mọ̀ṣe kún ohun tí gíláàsì fi hàn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti ilé-ẹ̀kọ́ mọ ìyàtọ̀ láàárín ìtẹ̀ka àti ipa ìka kò ní fi ọ̀rọ̀ ẹnu ran aláìṣẹ̀ lọ sẹ́wọ̀n.