Mu tàbí Mí? Bí Ẹja Ṣe Ń Mí Nínú Omi

Bí ẹja bá ń lanu, tó ń panu dé nínú omi, a lè rò pé ó ń mumi. Gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ èdè, mo mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni mu, ọ̀tọ̀ ni mí. Mímí ló ń mí. Omi náà ń ṣàn gba ara ẹran pupa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀ kọjá. Ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti ń gba ọ́síjìn, tó sì ń tú kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì sínú omi.

Bí epìyà odò Yewa bá dórí ilẹ̀, ẹran pupa yẹn á lẹ̀ pọ̀, ẹja á kú. Ṣùgbọ́n àrọ̀ ní ẹ̀yà ara mìíràn tó fi ń mí afẹ́fẹ́ òde. Ìdí nìyẹn tó fi ń pẹ́ kó tó kú nínú abọ́ lọ́jà Ìlaròó. Nítorí náà, tí ẹ bá ń gbé àrọ̀ lọ sí Ayétòrò, ẹ má bu omi kún kẹ́ẹ̀gì dẹ́nu. Bí ọ́síjìn bá tán, tí kò ráyè yọjú wá mí, inú omi ni yóò kú sí.