AGBÁRÍ TÍ KÒ DỌ́GBA ÀTI Ọ̀PÁ Ẹ̀YÌN TÍ Ó WỌ́

 

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹ̀yin òbí, ìbéèrè wa nìyí: bí orí ọmọ bá tẹ́ sí apá kan, ṣé òun ni yóò mú kí ẹ̀yìn rẹ̀ wọ́?

Èkínní: Eegun agbárí ọmọ tuntun kò tí ì so pọ̀, ìdí nìyí tí àwùjẹ̀ fi rọ̀. Ọmọ tí ó ń fi apá kan sùn ṣáá, tàbí tí iṣan ọrùn rẹ̀ le ní apá kan, orí rẹ̀ lè tẹ́. Àwọn dókítà sì rí i pé orí bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ lára àwọn ọmọ ọwọ́ tí ẹ̀yìn wọn wọ́.

Èkejì: Ohun méjì tí ó jọ rìn kò fi hàn pé ọ̀kan ni ó bí èkejì. Kò sí ẹ̀rí pé orí ni ó ń wọ́ ẹ̀yìn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá ìyá ọmọ lẹ́bi pé kò tẹ orí ọmọ rẹ̀ dáadáa. Ẹ̀yìn wíwọ́ tí ó pọ̀ jù ń yọjú láti bí ọmọ ọdún 10 sókè. Ẹrù kìtáàbù tàbí títẹ̀ba lórí wàláà kọ́ ni ó ń fà á.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́gbọ́n lára Abdul-Latif al-Baghdadi, tí ó kú ní ọdún 1231. Jalinus ti kọ ọ́ pé eegun méjì ni àgbọ̀n ìsàlẹ̀. Nígbà ìyàn ilẹ̀ Íjíbítì, al-Baghdadi yẹ agbárí tí ó ju 2,000 lọ wò, ó sì rí i pé eegun kan ṣoṣo ni. Ó fi ojú wò kí ó tó dájọ́.

Ẹ̀kẹta: Ẹ tẹ́ ọmọ ọwọ́ sùn ní ẹ̀yìn, bí ó bá jí, ẹ dà á dé inú rẹ̀ díẹ̀ lójú yín. Bí ọrùn rẹ̀ kò bá yí dáadáa, ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ní ti ọmọ tí ó ń bàlágà, ẹ ní kí ó pa ẹsẹ̀ pọ̀, kí ó bẹ̀rẹ̀ síwájú, kí ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀. Bí apá kan ẹ̀yìn rẹ̀ bá yọ gọngọ ju èkejì lọ, ẹ mú un lọ fún àyẹ̀wò. Ẹ má fi falẹ̀, nítorí ìgbà tí eegun ṣì ń dàgbà ni bẹ́líìtì ìtọ́jú ẹ̀yìn máa ń wúlò.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe na ọmọ nítorí pé ó jókòó wọ́. Ẹgba kò lè tọ́ eegun.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tí ó ń ṣàǹfààní. Àmín.