Ojú Ọgbẹ́ àti Ọ̀nà Ọta

Bí ìbọn bá ṣèèṣì ba ọdẹ kan nínú igbó Massè, lọ́dọ̀ wa ní orílẹ̀-èdè Benin, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ fi tu ìyá rẹ̀ nínú ni pé: «Ìyá wa, ẹ dákẹ́, ojú ọgbẹ́ náà ò ju ẹyọ àgbàdo lọ.» Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ojú nìkan ni wọ́n dárúkọ. Ọ̀nà tí ọta rìn nínú ẹran, ẹnikẹ́ni ò tíì dárúkọ ìyẹn.

Theodor Kocher, oníṣẹ́ abẹ ará Switzerland tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1909, ti wá ọ̀nà yìí káàkiri. Ó yìnbọn sínú ọṣẹ, ó yìn ín sínú gelatin. Gelatin ò ṣàjèjì sí obìnrin tó ń se ẹsẹ̀ màlúù: bí omi rẹ̀ bá tutù mọ́jú, á dì, á máa gbọ̀n bí ṣíbí bá kàn án. Lónìí, gelatin ìwọ̀n 10 nínú 100, tó tutù dé dígíírì 4, ni ọ̀pọ̀ ń lò. Bí ọta bá wọ̀ ọ́, ihò ńlá á ṣí gbàgà, á sì padé kí ojú tó ṣẹ́. Ìlà sísán á kù yí ọ̀nà ọta ká. Wọ́n lè gbé e sínú skánà kí wọ́n ka ìlà wọ̀nyẹn láìfi ọ̀bẹ kàn án.

Ẹnìkan bi mí bóyá ká pe gelatin yìí ní «ẹran ayédèrú». Rárá o. Ìtànjẹ ni ayédèrú wà fún. Arọ́pò ẹran ni: ó gba ìyà ọta kí ara èèyàn má baà forí fá a.

Lọ́dọ̀ wa tí Faransé ti wọ èdè, rádíò là ń pe ẹ́síréè àwọn ará Nàìjíríà. Kò burú, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ tán: «wọ́n ya rádíò itan rẹ̀.» Òjé ọta á hàn funfun báláú níbẹ̀, ẹran tó ya ò ní hàn tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ ṣọ́ àmì ohùn pẹ̀lú. Ọta ló wà nínú itan. Ẹni tó bá kọ ọ̀tá, aṣeni ló kọ.

Tí ẹ bá gbé ọdẹ náà dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ fi ẹyọ àgbàdo sílẹ̀. Ẹ wí pé: «Ọta gba iwájú itan wọlé, a ò rí ibi tó gbà jáde.»